Ogún Tó Ṣẹ́kù Sọ́wọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bíbélì kíkà: Mátíù 25:14–30

Kókó àṣàrò: Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi síni lọ́wọ́, lílò ló wà fún. Èyí tí a bá pa mọ́ títí eré fi parí, ọrùn wa ni wọn yóò kà á sí.

Bí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti rọ̀, tí àwọn èèyàn ti dé láti oko àti ọjà, ariwo kan máa ń ta láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Ìkọ̀lé, láti abẹ́ igi máńgòrò ní Ìdó, ní Ìlúpéjú àti ní Ìtàpá. "Hold on!" "Pick two!" "General market!" Àwọn tó ń ta Whot ni. Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Lọ́ńdọ̀nù lè dúró síbẹ̀, kó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kó má sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń yọjú láti ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ló gbé eré yìí kalẹ̀ ní 1935, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí a ti sọ ọ́ di tiwa. Káàdì 54 ló wà nínú páálí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní àwòrán: circle, triangle, cross, square àti star. Márùn-ún kò ní àwòrán kankan. Orúkọ eré náà àti nọ́ńbà 20 nìkan ló wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ju káàdì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwòrán tàbí nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ mu. Bí kò bá ní, ọjà ló ń lọ nìyẹn, yóò mú káàdì kan sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣófo ló jẹ.

Àwọn nọ́ńbà kan ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. 1 ni "hold on": gbogbo ènìyàn á dúró, ẹni tó jù ú á tún ta. 2 ni "pick two", ẹni tó kàn á gbé méjì. 5 ni "pick three". 8 ni "suspension", wọ́n á fo ẹni tó kàn. 14 ni "general market", gbogbo àwọn yòókù á lọ sọ́jà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ibì kan gbà kí èèyàn fi 2 gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ 2, ibòmíràn kò gbà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta fi máa ń bèèrè òfin kí wọ́n tó pín káàdì. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo, 20 ni ọba. Ó bá gbogbo àwòrán mu, ẹni tó bá sì jù ú ló ń pàṣẹ ohun tí ẹni tó kàn yóò jù.

Àwọn àgbà ìjọ kan kì í fẹ́ gbúròó káàdì rárá, ìbẹ̀rù wọn kò sì ṣàìnídìí. Wọ́n ti rí ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí eré ọ̀fẹ́, tó wá gbé owó ilé-ìwé lọ sí ìsọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí ti Bàbá Ìjẹ̀bú. Ibi tí owó bá ti wọ eré, kí ọmọ Ọlọ́run dìde kúrò níbẹ̀. Àmọ́ Olúwa wa fi ìwúkàrà, àwọ̀n apẹja àti owó fàdákà tó sọnù kọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí Whot tí a kò ta lówó kọ́ wa ní nǹkan lónìí.

Ìparí eré ni ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹnì kan á ju káàdì tó gbẹ̀yìn, á pariwo "Check up!" Bí ó bá ti pariwo bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó tún lè ju nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn yòókù á ṣí ọwọ́ wọn, wọ́n á ka ohun tó ṣẹ́kù. Nọ́ńbà tó wà lára káàdì ni wọ́n ń kà. Ti star nìkan ni wọ́n ń kà ní ìlọ́po méjì, tí 8 fi ń di 16. Ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò dìde fún ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọba káàdì. Ká ní ẹnì kan ní káàdì márùn-ún lọ́wọ́: 1, 2, 3, 4 àti 5, tí kò sí star nínú wọn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹlòmíràn ní ẹyọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n Whot ni. Tirẹ̀ jẹ́ 20. Ẹni tó ní káàdì márùn-ún bọ́, ẹni tó ní ẹyọ kan dìde. Káàdì tó lè gbà á lórí àwòrán yòówù kó wà nílẹ̀, òun gan-an ló lé e jáde. Kì í ṣe pé Whot burú. Eré ti parí, ó ṣì dì í mú ni.

Eré káàdì mìíràn wà tí kò rí báyìí. Nínú póókà, tí wọ́n ń ta ní Amẹ́ríkà àti ní ilé tẹ́tẹ́ káàkiri ayé, ẹni tí káàdì tó lágbára jù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i ló ń kó owó. Ace, king, queen, jack àti 10 tí wọ́n jẹ́ irú kan náà ni wọ́n ń pè ní "royal flush", kò sì sí ohun tó ń borí rẹ̀. Níbẹ̀, èèyàn lè fi agbára rẹ̀ sábẹ́ aṣọ títí dé òpin, kó máa díbọ́n lójú àwọn tó bá a jókòó, kí ó sì jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí ọ̀rọ̀ àwa àti Ọlọ́run ṣe rí nìyẹn: pé lọ́jọ́ ìkẹyìn a ó dúró níwájú Rẹ̀, a ó ṣí ọwọ́, a ó ní kí Ó wá wo gbogbo ohun iyebíye tí a ní. Àkàwé inú Mátíù 25 fi yé wa pé ìṣirò tí wọ́n ń ṣe nínú Whot ló sún mọ́ ti ọjọ́ náà jù.

Ọ̀gá kan ń lọ sí ìrìn àjò. Ó fi tálẹ́ńtì márùn-ún fún ọmọ ọ̀dọ̀ kan, méjì fún èkejì, ọ̀kan fún ẹ̀kẹta. A máa ń káàánú ẹni tó gba ọ̀kan bí ẹni pé kọ́bọ̀ ni wọ́n fún un. Kì í ṣe kọ́bọ̀. Tálẹ́ńtì kan nígbà náà tó dínárì 6,000, dínárì kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe, gẹ́gẹ́ bí àkàwé ọgbà àjàrà inú Mátíù 20 ti fi hàn. Bí alágbàṣe bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, tí kò jẹ, tí kò mu nínú owó náà, ogún ọdún ni yóò fi kó tálẹ́ńtì kan jọ. Ohun tí ọkùnrin yìí gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ọmọ ọ̀dọ̀ yìí kò jí owó náà. Kò ná an nínàákúnàá, kò fi ta tẹ́tẹ́. Ó dá a padà pérépéré. Síbẹ̀ òun ni wọ́n lé síta. Bí wọ́n bá gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n tó rí ẹ̀sùn tí wọn yóò kà sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀sùn ọ̀gá rẹ̀ ni pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi í ṣe nǹkan kan.

Kí ló ń mú kí ẹni tó gbọ́n di 20 mú? Ohun tó ń rò kò burú. Ó ń rò pé ìgbà kan lè dé tí ohun tó wà nílẹ̀ kò ní bá èyíkéyìí nínú káàdì òun mu. Ọjọ́ yẹn ni òun yóò fa Whot yọ. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe. Bí àwọn ọmọ bá parí ilé-ìwé, a ó máa ṣe iṣẹ́ Olúwa. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá jáde, a ó ran ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́. Bí a bá kọ́lé tán, a ó ráyè kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n "Check up" kò sí lẹ́nu wa. Ẹlòmíràn ló máa ń pariwo rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọjà ló ń tán nílẹ̀, tí kò sí káàdì tí ẹnikẹ́ni yóò tún mú, wọ́n á sì ní kí oníkálukú ka ti ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá inú àkàwé náà pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ó dé.

Ìdí kejì wà tó fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tó lè ju 20 sílẹ̀ kó dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ pé, "I need circle," tàbí "I need star." Gbogbo àwọn tó jókòó á gbọ́, wọ́n á sì fura sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì tó lágbára jù nínú eré náà ló ń tú àṣírí àìní ẹni tó lò ó. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ohun tó ń dá ẹ̀bùn tiyín dúró nìyẹn. Ẹni tó mọ aṣọ rán, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò ní láti sọ fún ẹnì kan pé òun kò ní ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn ilé-ìwé yóò tọrọ yàrá kan lọ́wọ́ ìjọ. Àgbàlagbà tí Ọlọ́run fún lóhùn yóò gbà kí olùdarí akọrin, tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, tọ́ ọ sọ́nà níwájú gbogbo ènìyàn. Ó rọrùn láti ní ẹ̀bùn ju láti jẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún wa. Bátíméù afọ́jú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jésù bi í léèrè ohun tó ń fẹ́, ó sọ ọ́ gbangba láàárín èrò tó ti kọ́kọ́ ní kó pa ẹnu mọ́ (Máàkù 10:46–52). Bí ó bá díbọ́n ni, ẹ̀bá ọ̀nà Jẹ́ríkò ni ìbá wà.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, 1929, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Festus Adé Àjàyí. Ó kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó sì kó ìmọ̀ náà wálé sí Ìbàdàn. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù ń sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn, torí pé a kò kọ púpọ̀ nínú tiwa sínú ìwé. Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Kenneth Dike ṣáájú wọn, fi hàn pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ lẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí tí òpìtàn lè yẹ̀ wò kó sì gbé ìwé lé lórí. Ní 1964, ìwé tí òun àti Robert Smith kọ lórí ogun jíjà àwọn Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tirẹ̀ lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà jáde. Ó ṣe gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Òun náà ni olóòtú ìdìpọ̀ kẹfà nínú ìtàn Áfíríkà tí UNESCO gbé jáde. Nígbà tó kú ní oṣù Kẹjọ 2014, lẹ́ni ọdún 85, ohun tí Ọlọ́run fi sí i lọ́wọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ níwèé àti àwọn tó ka ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá ọ̀jọ̀gbọ́n bo àwọn tó jókòó níwájú òpìtàn tí wọ́n sì la ẹnu. Àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà pọ̀ nínú wọn, wọn kò lọ sí yunifásítì kankan. Ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá gbé e mì, kò sí ìwé tí yóò jáde. Àwọn náà ju ogún wọn sílẹ̀.

Ẹ wo agbègbè wa lónìí. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tí ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ìmọ̀ wà ládùúgbò. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ìkọ̀lé ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdá, ó ti tó ọdún mẹ́ta, wọn kò tíì jókòó papọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ń jọ́sìn pẹ̀lú àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru, kò sì tíì sí ọjọ́ Àìkú kan tó dúró lẹ́yìn ìsìn láti bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá kan mọ oríkì ilé mẹ́wàá. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò mọ ti ilé wọn. Àgbẹ̀ mọ bí èyí ṣe ń parí: èèbù tí a kò gbìn títí àkókò fi kọjá, inú àká ni yóò hù sí, yóò rọ, kò ní ṣe é gbìn, kò sì ní ṣe é jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ọjọ́ ti lọ lórí yín. Nínú Whot tí a ń ta níbí, ẹni tó bá ku káàdì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń kéde "semi last card"; bó bá ku ẹyọ kan, "last card". Bó bá gbàgbé, tí ẹnì kan sì mú un, wọ́n á ní kó lọ gbé méjì. Òfin náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ dé òpin. Onísáàmù bẹ Ọlọ́run kí Ó kọ́ wa láti máa ka ọjọ́ wa (Sáàmù 90:12). Ẹ má tijú láti sọ fún àwọn ọmọ yín pé ó ti ku díẹ̀. Ẹ pe ẹnì kan jókòó, kí ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi ààlà ilẹ̀ hàn án, kí ẹ sọ bí Ọlọ́run ṣe gbà yín ní ọdún tí nǹkan le. Ẹni tó bá kéde, àwọn ará ilé rẹ̀ á tètè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé tòun kéré. Ẹ fi ẹsẹ 21 wé ẹsẹ 23 nínú Bíbélì yín. Ẹni tó sọ márùn-ún di mẹ́wàá àti ẹni tó sọ méjì di mẹ́rin gba ìyìn kan náà, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà kò fi ti ẹnì kan díwọ̀n ti ẹnì kejì. Bí ẹni tó gba ọ̀kan bá mú méjì wá, ìyìn yẹn náà ni yóò gbọ́. Kódà, nínú ẹsẹ 27, ọ̀gá sọ pé bí ó bá ti fi owó náà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣòwò owó, òun ìbá rí i gbà pẹ̀lú èlé. Ohun tó kéré jù tó lè ṣe lòun ìbá gbà. Ọlọ́run tí à ń bẹ̀rù pé yóò bá wa wí bí a bá lo ẹ̀bùn wa tó sì kù díẹ̀ káàtó, Òun náà ló ṣe tán láti tẹ́wọ́ gba èlé díẹ̀.

Ohun láti ṣe lónìí: Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ ohun kan sílẹ̀ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì jàǹfààní rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ kọ orúkọ ẹni kan tó nílò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín nílò kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lọ sọ ọ́ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ta Whot pẹ̀lú àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka káàdì lẹ́yìn eré, kí ẹ sì sọ àkàwé tálẹ́ńtì fún wọn nígbà tí 20 bá jáde lọ́wọ́ ẹnì kan.

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, Ìwọ lo pín fún wa, Ìwọ lo sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú. Dárí ẹ̀bùn tí a rì mọ́lẹ̀ jì wá. Mú ìtìjú kúrò lẹ́nu wa, ká lè sọ àìní wa fún Ọ àti fún àwọn ará wa. Bùkún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní Ìdó, àti gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Èkìtì. Jẹ́ kí ohun tí wọ́n mọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí O bá sì dé láti bá wa ṣírò, jẹ́ kí ọwọ́ wa ti ṣófo nítorí pé a ti lo gbogbo rẹ̀ fún Ọ. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.